Làádà Mi Ò Tó Owó Mọ́tò: Ṣé Kí N Ṣì Máa Sáré Fún Oníbàárà?

Ẹ máa kọ̀wé sí mi lórí owó, lórí ìwé àti lórí ọ̀rọ̀ adójútòfò. Mo fi ọdún 24 ta ínṣọ́ránsì nílùú Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fi ń dá yín lóhùn.

ÌBÉÈRÈ

Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ o. Éjẹ́ǹtì ínṣọ́ránsì ni mí l'Óṣogbo, ó di ọdún kẹta báyìí. Third party, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ oníbàárà bá kọ lù, ni mo ń tà jù: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ₦15,000, kẹ̀kẹ́ Márúwá ₦5,000, ọ̀kadà ₦3,000. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń kù sí wa lọ́wọ́ níbẹ̀. Lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò pé ₦2,000. Lórí kẹ̀kẹ́, kò pé ₦700.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, oníbàárà mi, ọmọ rẹ̀ wa Corolla rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, ó sì lọ kọ lu Sienna kan lẹ́yìn. Ìyá pè mí, mo sì lọ bá wọn ní tẹ́ṣàn. Mo bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, mo bá wọn wá panẹ́bítà tó kọ iye tí àtúnṣe Sienna máa jẹ́, mo kó gbogbo ìwé lọ sí ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní fọ́tò ò hàn dáadáa. Mo tún padà lọ. Owó mọ́tò ẹ̀ẹ̀mejèèjì ti lé ní ₦15,000, ìyẹn ni pé iye tí ìyá fi ra ìwé látòkè délẹ̀ ni mo ti fi wọkọ̀. Ní báyìí, wọ́n tún ń bèèrè ìwé kan sí i lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìyá ń pè mí láràárọ̀. Onísienna náà ti gba nọ́ńbà mi, òun náà ń pè.

Ọ̀gá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé kí n lọ máa wá comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, àti ínṣọ́ránsì ilé, ibi tí owó wà. Ìyàwó mi náà ń bínú. Mọ̀mí, ṣé mo ṣẹ̀ bí mi ò bá gbé ìpè wọn mọ́?

Éjẹ́ǹtì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, gbé ìpè wọn. Kí o tó ka ìyókù ohun tí mo kọ yìí, pe ìyá yẹn, sọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ dé àti ìwé tó kù. Lẹ́yìn náà kí o padà wá ká jọ sọ ti owó mọ́tò, torí mi ò fẹ́ kí o rò pé mi ò mọ bó ṣe ń rí lára.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ₦5,000 ni third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, sọ ọ́ di ₦15,000, tí wọ́n sì sọ iye tí iléeṣẹ́ máa san lórí dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bà jẹ́ di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kó tó dìgbà yẹn, ohun tó ń kàn mí lórí ọkọ̀ kan ni ohun tó ń kàn ọ́ lórí kẹ̀kẹ́ kan lónìí. Èmi náà ti jókòó sínú mọ́tò rí tí mò ń ṣírò pé ìrìn-àjò yìí ti jẹ làádà èèyàn mẹ́wàá.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ. Ọdún 2014 ni. Aláta kan wà ní ọjà Bódìjà tó ní Peugeot 504 oníwágọ̀n tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Èmi ni mo ta third party rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a wakọ̀ lọ gbá Honda kan tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá títì l'Ójòó. Mo wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé aládàáni kan lọ́jọ́ náà, à ń dúnàádúrà lórí ínṣọ́ránsì iná fún gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà wọn. Foonù mi ń dún lórí ẹsẹ̀ mi. Mo wò ó, mo rí orúkọ aláta, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo tẹ̀ ẹ́ pa, tí mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún-márùn-ún lè dúró dìgbà tí mo bá ṣe tán.

Nígbà tí mo pè é padà nírọ̀lẹ́, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, mo ti yanjú ẹ̀." Bó ṣe yanjú ẹ̀ rèé: ní tẹ́ṣàn, wọ́n ní bí kò bá fọwọ́ sí i pé òun máa tún Honda náà ṣe, àbúrò rẹ̀ máa sùn sí àtìmọ́lé. Ó fọwọ́ sí i. Ó san ₦60,000 lójú ẹsẹ̀, ó ṣèlérí ìyókù. Nígbà tí mo kó ìwé náà lọ sí iléeṣẹ́, ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kíléèmù, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹni tó ń bèèrè owó ìjàǹbá, yí ìwé àdéhùn náà sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ìlà kan: onímọ́tò kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ mọ̀ sí i. Wọn ò san kọ́bọ̀.

Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ láti sọ fún un. Fìríìsà tó ń kó tòmátì sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Símẹ́ńtì ibi tó máa ń wà ṣì mọ́, ó ṣe onígun mẹ́rin, gbogbo àyíká rẹ̀ ti dúdú fún ẹsẹ̀ èèyàn àti omi ata. Mi ò bi í pé níbo ni fìríìsà wà. Kò bú mi. Ó bu ata rodo sínú náílọ́ọ̀nù, ó so ó, ó ní kí n mú un lọ fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìpè yẹn ì bá gbà mí. "Má fọwọ́ sí ìwé kankan. Má sọ pé o máa san. Sọ fún wọn pé o ní ínṣọ́ránsì, fi ìwé hàn wọ́n, kí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé náà sílẹ̀. Mò ń bọ̀." Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn nílò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò nílò kí n wọkọ̀, kò nílò owó mi. Ata yẹn, mi ò lè sè é. Mo fi fún ará ilé mi.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé ó yẹ kí éjẹ́ǹtì ran oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí làádà ò tó nǹkan, mo máa ń fẹ́ kó kọ́kọ́ ro ohun tí oníbàárà rà. Òfin ló sọ third party di dandan ní Nàìjíríà, látinú òfin ọdún 1945 ló ti wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri, ọ̀pọ̀ ń rà á kí wọ́n má bàa dá wọn dúró lójú títì. Wọ́n á ká a mọ́ pátíkúlà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ lu ọkọ̀ ni wọ́n tó máa mọ̀ pé ohun tí àwọn rà kọjá ìwé ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ náà, ìyá tíṣà kò mọ ẹnikẹ́ni ní Dùgbẹ̀. Kò débẹ̀ rí. Ìwọ ló mọ̀. Ojú rẹ ló wò tó fi yọ ₦15,000 nínú owó ìfẹ̀yìntì, o sì mọ bí owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ṣe ń wọlé ní ìlú wa.

Ọ̀gá rẹ ń ṣírò, ìṣirò rẹ̀ sì pé tó bá jẹ́ pé títà nìkan ni wọ́n ń san làádà fún. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ títà lásán ni, ìyá yẹn ì bá rà á fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó ń fi éjẹ́ǹtì ṣe. Bí a bá mú ₦1,000 àti díẹ̀ yẹn, a ti gba owó pé a máa gbé foonù. Bí kò bá tó wa, ká má gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó rọ̀.

Àwọn kan á sọ pé ẹni kékeré tí o ràn lọ́wọ́ lónìí ló máa mú ẹni ńlá wá lọ́la. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n má gbé e ka orí ìyẹn, torí ọjọ́ tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá, o máa ka ìyà tí o jẹ sí i lọ́rùn. Aláta mi kò mú ẹnikẹ́ni wá fún mi. Ó tún ra ìwé lọ́wọ́ mi lọ́dún méjì sí i, ó ta 504 yẹn, ó sì tán.

Ó wá ku owó mọ́tò. Ibí ni mo ti wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ. Gbígbé foonù jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ, ṣùgbọ́n lílọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹta lápò ara rẹ kì í ṣe gbèsè. Ìwọ lo sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ nítorí pé o kò bèèrè kí o tó wọkọ̀. Fọ́tò tí wọ́n ní kò hàn yẹn, ṣé o kò lè fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kíléèmù lórí WhatsApp, kó wò ó kí o tó kúrò l'Óṣogbo? Gba orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló kù pátápátá, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kí o má bàa máa gbọ́ ti ọ̀kan lónìí, ti òmíràn lọ́tùn-únla. Bí wọ́n bá ní ojúlówó ìwé làwọn fẹ́ rí, fi í ṣe waybill ní gáréèjì, kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì lọ gbà á ní Ìwó Road.

Ìwé ọlọ́pàá tó kù yẹn, ìyá àti ọmọ rẹ̀ ni kó lọ gbà á. Orúkọ wọn ló wà nínú rẹ̀, orúkọ tìrẹ kò sí níbẹ̀. Ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa bèèrè fún wọn, kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ má bá wọn lọ. Onísienna ńkọ́? Òun ni iléeṣẹ́ máa sanwó fún, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Fún un ní nọ́ńbà kíléèmù náà àti nọ́ńbà ọ́fíìsì, kó máa bi iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Bó bá wá di dandan kí ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ pé kí iléeṣẹ́ san owó mọ́tò. Bí wọ́n bá kọ̀, sọ fún ìyá ní gbangba: "Mọ̀mí, ẹ̀ẹ̀mejì tí mo lọ, èmi ni mo san án. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, iye báyìí ni mọ́tò." Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bó bá ti jẹ́ pé iye tí awakọ̀ gbà gan-an lo sọ, tí o sì sọ ọ́ kí o tó lọ. Tíṣà ni. Ó máa yé e.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aláta, mo lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, mo ní kí wọ́n tẹ ìwé kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún mi. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ó ní: ya fọ́tò kí ẹ tó sún ọkọ̀ kúrò lójú kan; má fọwọ́ sí ìlérí kankan, má sanwó; pè mí lọ́jọ́ náà, bí mi ò bá gbé e, pe iléeṣẹ́ ní nọ́ńbà yìí. Mo máa ń fi pín-ìnnì so ó mọ́ ìwé ínṣọ́ránsì, mo sì máa ń kà á sétí ẹni tó bá rà á kí n tó gbowó. Láti ìgbà náà, àwọn oníbàárà mi kì í pè mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn tó bá sì pè ti mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin iléeṣẹ́. Ẹ gbé tábìlì kíléèmù sí Èkó àti Ìbàdàn, ẹ wá ń ta ìwé l'Óṣogbo, l'Éjìgbò àti n'Íkìrun. Éjẹ́ǹtì ló ń ṣe iṣẹ́ tábìlì náà fún yín, owó ọjà títà lẹ sì ń san fún un. Bí ọmọkùnrin yìí bá pa foonù rẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń pa á.

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá wa obìnrin, Ṣàgámù ni mò ń gbé, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì láísẹ́ńsì ló ta third party fún mi. Mo ti ń pè é láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbé e. Kò tíì sí ìjàǹbá o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ọwọ́ mi yìí jẹ́ ojúlówó.

Bàbá, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú àfọkànsí. Ìgbà tí kò sí ìjàǹbá gan-an ló yẹ kéèyàn wádìí. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí i, kó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí i. Bí ìwé yín bá dáa, orúkọ iléeṣẹ́ tó fún yín àti ọjọ́ tó máa parí yóò jáde.

Bí kò bá jáde, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ má dúró de ọmọkùnrin yẹn. Ó lè jẹ́ pé kò tíì fi orúkọ yín ránṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ayédèrú, torí wọ́n ń tà á gan-an nírú ibi tí ẹ dárúkọ yẹn. Bó bá jẹ́ ojúlówó, iléeṣẹ́ lẹ bá ṣàdéhùn, wọn ò sì lè fi éjẹ́ǹtì ṣàwáwí. Bí wọ́n bá fi yín falẹ̀, ẹ kọ̀wé sí NAICOM.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, éjẹ́ǹtì ni mí n'Íjẹ̀bú-Òde. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, third party rẹ̀ ti parí láti oṣù méjì, kò tún un ṣe. Ó kọ lu ẹnì kan lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n kọ ìwé tuntun kí n fi ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun máa fún mi ní ₦50,000. Ẹ ti máa ń sọ pé ká máa ran oníbàárà lọ́wọ́. Ṣé èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́?

Éjẹ́ǹtì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Rárá, àbúrò mi. Ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ínṣọ́ránsì. Òfin ti wí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2003, NAICOM sì ti fọwọ́ líle mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Bí o bá fi ọjọ́ sẹ́yìn, olè ni ìwọ àti òun jọ jà, ọjọ́ tí àṣírí bá sì tú, ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti máa gba láísẹ́ńsì. ₦50,000 kò tó owó lọ́yà.

Ohun tí o lè ṣe fún un wà. Bá a lọ sílé ẹni tó kọ lù, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Wá panẹ́bítà tó mọwọ́ fún un, kó lọ dúnàádúrà dáadáa, kí ẹ ní kí onítọ̀hún jẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀. Gba owó ìwé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí o fi ọjọ́ òní sí i.

Lẹ́yìn náà, ra díárì kan. Kọ orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ìwé wọn máa parí, ₦3,000 ni o, ₦15,000 ni o. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó wà ní oṣù yìí.